Ilé ni a ti ń kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Jane Austen àti Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ òǹkọ̀wé ńlá kan, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ní láti rin ìrìn àjò jìnnà, kí ó ti rí ogun, kí ó ti bá àwọn ọba sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ sì ti rí màbo, kí ó tó lè ní ohun tí yóò kọ sínú ìwé. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí tako èrò náà. Ìtàn obìnrin kan ni, tí kò ní ọkọ, tí kò bí ọmọ, tí kò ní ilé ti ara rẹ̀, tí kò sì kúrò lórí erékùṣù tí a bí i sí rí. Síbẹ̀, ìwé ìtàn mẹ́fà tí ó kọ lórí ọ̀ràn ìfẹ́ àti ìgbéyàwó kò tíì kú títí di òní olónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní igba ọdún tí òun ti lọ. Jane Austen ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò. Ohun tí àwa fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ilé tí àwọn ìwé náà ti jáde wá. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó sì yẹ kí a béèrè irú ilé tí ó kó irú ẹ̀ṣọ́ báyìí fún ọmọ, àti iye tí ẹ̀ṣọ́ náà ná àwọn ará ilé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1775 ni a bí i, ní abúlé Steventon ní ẹkùn Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ìjọ abúlé náà ni baba rẹ̀, George Austen. Cassandra ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí, ọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin méjì. Jane ni ó ṣe ìkeje. Owó tí ń wọlé fún àlùfáà náà kò tó láti fi bọ́ irú agboolé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó ń dáko, ó sì ń gba àwọn ọmọkùnrin ọlọ́mọ sínú ilé láti kọ́ wọn ní ìwé. Ìyá ń bójú tó màlúù àti adìẹ, oúnjẹ àti aṣọ gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ó bá ti gbé ilé míṣọ́n rí, níbi tí ọmọ ẹni àti ọmọ ẹlòmíràn ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn, yóò mọ irú ariwo tí ó wà nínú ilé náà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Nígbà tí Jane wà ní ọmọ ọdún méje, a rán òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí òun pẹ̀lú ń jẹ́ Cassandra, lọ sí ilé-ìwé. Ibà burúkú kan kọlù wọ́n níbẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí Jane kú, ṣùgbọ́n arábìnrin ìyá rẹ̀ kan, tí ó wá kó àwọn ọmọ náà lọ sílé, kó àrùn náà, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ kú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní ìlú Reading fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún 1786, Jane padà sílé pátápátá. Kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó kù, inú ilé ni ó ti kọ́ ọ.

Báwo ni ilé ṣe di ilé-ìwé? Ìwé bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ó wà nínú yàrá baba rẹ̀, kò sì ti ọ̀kankan mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Ní alẹ́, ẹnìkan a máa kàwé sókè, àwọn ìyókù a sì máa gbọ́ bí wọ́n ti ń ránṣọ. Ní àkókò ìsinmi, àwọn ọmọ a máa ṣe eré orí ìtàgé nínú àká, àwọn ará ilé àti àwọn aládùúgbò a sì máa wòran. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Jane ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn ìtàn kéékèèké, ìtàn ẹ̀fẹ̀, kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí. Ó dà wọ́n kọ sínú ìwé mẹ́ta, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà títí di òní. Nínú èkejì, ó kọ ọ́ ní èdè Látìn pé baba òun ni ó fi í ta òun lọ́rẹ. Ìwọ̀n ẹ̀bùn náà kò tó nǹkan: ìwé òfìfo lásán. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí ọ̀pọ̀ baba rò pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó tọ́ sí ọmọbìnrin, baba yìí ra ìwé fún tirẹ̀ kí ó lè kọ ohun tí ó wù ú sí i.

Kò sí ẹni tí Jane fẹ́ràn bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Cassandra. Ìyá wọn a máa wí pé bí a bá fẹ́ bẹ́ Cassandra lórí, Jane yóò ní kí a bẹ́ tòun pẹ̀lú. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé; nígbà tí ìrìn àjò bá sì yà wọ́n, lẹ́tà kò ní yéé lọ, kò ní yéé bọ̀. Nǹkan bí ọgọ́jọ nínú àwọn lẹ́tà Jane ni ó ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ ńlá nínú wọn yóò yà á lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ fìlà ni, àti iye tí a ra aṣọ. Ẹni tí ó bá a jó níbi àjọ̀dún, ẹni tí kò bá a jó. Ẹran tí a sè, òjò tí ó rọ̀, ọmọ tí a bí ní ilé kejì. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ń rí àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí, tí ó sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, òun kan náà ni ojú tí ó kọ àwọn ìwé ńlá. Ẹni tí kò lè ṣe àkíyèsí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nídìí ààrò ìyá rẹ̀, kí ni yóò rí bí a bá gbé e dé ààfin?

Àwọn arábìnrin méjèèjì rí ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Cassandra ní àfẹ́sọ́nà, ọ̀dọ́ àlùfáà kan tí baba rẹ̀ ti kọ́ ní ìwé rí. Ọkùnrin náà bá àwọn ọmọ-ogun rékọjá òkun lọ sí West Indies, ibà sì pa á níbẹ̀ ní ọdún 1797. Cassandra kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Ní ti Jane, ní oṣù Kejìlá ọdún 1802, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan, Harris Bigg-Wither, fi ìgbéyàwó lọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, kò ní owó, ìlé ńlá àti ilẹ̀ sì ni ọkùnrin náà yóò jogún. Ní ìrọ̀lẹ́, Jane ní òun gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun kò gbà mọ́, ó sì bá ti ilé náà lọ. Kí a má ṣe ka èyí sí ọ̀ràn kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, obìnrin tí ó wá láti irú ìdílé rẹ̀ kò ní iṣẹ́ tí ó lè ṣe gba owó tí ó jọjú. Ọkọ ni ilé, ọkọ ni oúnjẹ ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó kọ gbogbo ìwé rẹ̀ lórí bí obìnrin ṣe gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, òun fúnra rẹ̀ san owó ọ̀rọ̀ náà.

Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti kọ ìwé ìtàn gígùn mẹ́ta ní Steventon. Ní ọdún 1797, baba rẹ̀ kọ lẹ́tà sí olùtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ọ̀kan nínú wọn. Olùtẹ̀wé náà kọ̀ ọ́ láì tilẹ̀ wò ó. Ìwé náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí *Pride and Prejudice*.

Nígbà tí ó di ọdún 1801, ohun tí Jane kò retí ṣẹlẹ̀. Baba rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àkọ́bí rẹ̀, ó sì kó aya àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ìlú Bath. A ta ìwé, a ta àga, a ta dùùrù tí Jane ń tẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1805, baba kú. Owó tí ó kù sí ọwọ́ opó àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kò ju nǹkan bí £210 lọ lọ́dún. Àwọn arákùnrin sì dá sí i: mẹ́ta nínú wọn ní àwọn yóò máa san £50 lọ́dọọdún, Edward tí ó lówó jù ní òun yóò san £100. Francis, ọmọ-ogun ojú omi, ti fẹ́ san £100, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbà ju ìdajì lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Síbẹ̀, oúnjẹ nìkan kọ́ ni ènìyàn fi ń gbé. Fún bí ọdún mẹ́jọ, àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ti ilé ìháyà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń sùn nílé ẹbí kan lónìí, nílé ẹbí mìíràn lọ́la. Ní gbogbo àkókò náà, Jane bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun kan, kò parí rẹ̀. Ó ta ìwé kan fún olùtẹ̀wé ní £10 ní ọdún 1803, ẹni náà gbé e sílẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ń wí pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀bùn yóò lò ó níbikíbi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ro ọdún mẹ́jọ yìí. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí ni kò ní.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọdún gbígbẹ yìí gan-an ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí ó dára jù nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1808, aya Edward kú lẹ́yìn tí ó bí ọmọ kọkànlá. Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní ilé-ìwé ní Winchester. A rán wọn wá sí Southampton lọ́dọ̀ arábìnrin baba wọn. Jane kò kó wọn jọ láti máa sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú gígùn fún wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n sunkún nígbà tí ẹkún bá dé. Lẹ́yìn náà ó bá wọn ṣeré. Wọ́n ń fi ife igi mú bọ́ọ̀lù kékeré tí a so mọ́ ọn ní okùn, wọ́n ń pa àlọ́, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń fi bébà ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń sọ èso igi lu àwọn ọkọ̀ náà bí ẹni pé ogun ni. Ó mú wọn lọ sórí odò, ó sì jẹ́ kí wọ́n di àjẹ̀ mú. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá àwọn ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gbé, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni èyí.

Ní ọdún 1809, Edward fún ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ní ilé kan ní abúlé Chawton, nínú ilẹ̀ tí ó jogún. Ìbátan ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ ni ó ti gba Edward ṣọmọ nígbà èwe rẹ̀, ìyẹn ni ó sọ ọ́ di onílẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ni ó jọ ń gbé ilé náà: ìyá, Cassandra, Jane, àti Martha Lloyd ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjọ́ wọn ti ń rí.

Jane ni ó ń kọ́kọ́ jí. Ó ń tẹ dùùrù kí àwọn ìyókù tó sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tíì àti ṣúgà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ́n gógó ni àwọn nǹkan wọ̀nyí nígbà náà. Iṣẹ́ ilé tirẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cassandra àti Martha gba ìyókù ṣe pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ wọn; ìwé tí Martha ń kọ ọ̀nà ìse oúnjẹ sí wà títí di òní. Ìyá, bí ó tilẹ̀ ti ń darúgbó, wọ aṣọ oko, ó ń wú ọ̀dùnkún nínú ọgbà. Ní ọ̀sán, wọ́n ń rìn lọ sí ìlú Alton tí ó wà nítòsí láti ra nǹkan. Ní alẹ́, wọ́n ń ránṣọ. Aṣọ ìbora ńlá kan wà níbẹ̀ tí ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi àjákù aṣọ aláràbarà rán pọ̀. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí i pé kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan tí a fi ìwàǹwára gún.

Láàrin iṣẹ́ wọ̀nyí ni Jane ń kọ̀wé, lórí tábìlì kékeré kan, nínú bébà kéékèèké tí ó rọrùn láti fi nǹkan bò bí àlejò bá wọlé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ilẹ̀kùn kan wà tí ń han bí a bá ṣí i, tí Jane kò sì jẹ́ kí a tún un ṣe, nítorí òun ni ó ń kìlọ̀ fún un pé ẹnìkan ń bọ̀.

Kíyè sí èso rẹ̀. Ní ọdún 1811, *Sense and Sensibility* jáde, láìsí orúkọ rẹ̀ níwájú ìwé; ohun tí a kọ síbẹ̀ kò ju pé obìnrin kan ni ó kọ ọ́. Èrè £140 ni ó rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1813, *Pride and Prejudice* jáde, èyí tí ó tà fún olùtẹ̀wé ní £110. Ní ọjọ́ tí ìwé náà dé Chawton, aládùúgbò wọn kan, obìnrin tí kò rí jájẹ, wá bá wọn jẹun. Ní alẹ́, Jane àti ìyá rẹ̀ ka apá kan rẹ̀ sókè fún un. Obìnrin náà gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó jókòó ti òun yìí. Àwọn tí ó mọ̀ wo ara wọn, wọ́n dákẹ́. Ẹ sọ fún wa irú àsè tí à bá sè ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìbá dùn tó alẹ́ ọjọ́ náà.

*Mansfield Park* tẹ̀lé e ní ọdún 1814, *Emma* sì jáde ní òpin ọdún 1815. Jane mú ohun tí ó wà nílé lò. Ní ọdún 1801, Charles àbúrò rẹ̀, ọmọ-ogun ojú omi, ti fi owó tí ó rí nínú ogun ra àgbélébùú ọrùn fún àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì. Nínú *Mansfield Park*, arákùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun fún arábìnrin rẹ̀ ní àgbélébùú ọrùn. Nígbà tí Anna, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbìyànjú láti kọ ìwé tirẹ̀, Jane gbà á níyànjú pé ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú abúlé kan ti tó fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe nígbà tí ìdánwò dé. Olùtọ́jú ìwé kan láàfin Adelé Ọba, ẹni tí ó ti gbà kí a fi orúkọ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ níwájú *Emma*, rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ìtàn ńlá nípa ìdílé ọba kan ní ilẹ̀ Jámánì. Jane dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun kò lè ṣe é. Ọ̀nà tòun ni òun yóò máa tọ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé tí kò lábàwọ́n ni a ń sọ. Ẹ̀gbọ́n Jane kan, George, jẹ́ aláìlera láti kékeré. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a fi í sí títí ó fi kú, orúkọ rẹ̀ kò sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Jane, Cassandra sun ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀, ó sì gé àwọn ibì kan kúrò nínú èyí tí ó kù. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Jane sọ nígbà tí inú rẹ̀ kò dùn, iná ti jó púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1816, àìsàn dé sí i. Àga gígùn kan ṣoṣo ni ó wà nínú yàrá náà, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń dùbúlẹ̀ sí i. Jane to àga kéékèèké mẹ́ta pọ̀, orí wọn ni ó ń sùn sí. Ó mọ̀ pé bí òun bá lo àga gígùn náà lẹ́ẹ̀kan, ìyá òun kò ní fẹ́ lò ó mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1817, Cassandra gbé e lọ sí Winchester lọ́dọ̀ oníṣègùn. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, orí rẹ̀ sì wà lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin irú wọn kì í bá òkú lọ nígbà náà. Láti ojú fèrèsé ni Cassandra ti wo pósí àbúrò rẹ̀ títí ó fi yà ní ìgun. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Winchester ni a sin ín sí. Òkúta ibojì rẹ̀ sọ nípa ìwà rere rẹ̀ àti ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò sọ pé ó kọ ìwé kan rí. Ní òpin ọdún náà ni àwọn ìwé rẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn jáde, Henry arákùnrin rẹ̀ sì wá sọ orúkọ rẹ̀ fún ayé. Láti ọdún 1949 ni a ti ṣí ilé Chawton sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Kí ni a rí kọ́? Àwọn kan yóò wí pé ìtàn yìí fi hàn pé kí ọmọbìnrin jókòó sílé. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé ìwé mẹ́fà náà ní ọwọ́ púpọ̀ nínú: ọwọ́ baba tí ó ra ìwé òfìfo, ọwọ́ arákùnrin tí ó fún wọn ní òrùlé, ọwọ́ Cassandra àti Martha tí wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ Jane kí ó lè di kálàmù mú. Nígbà tí ilé fọ́, kálàmù dúró. Nígbà tí ilé tún dúró, kálàmù rìn. Nínú kíláàsì wa lónìí, ọmọbìnrin kan lè wà tí ó ń fi ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ kọ ìtàn. Bí ó bá délé, omi wà láti pọn, àbúrò wà láti pọ̀n, agbada wà láti fọ̀. Ó tọ́ kí ó ṣe ìpín tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jane ti ṣe oúnjẹ òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé korobá omi kan, kí ìyá dá wákàtí kan sí fún un, kí olùkọ́ sì béèrè ohun tí ó ń kọ kí ó tó bá a wí pé ó ba ìwé jẹ́.